Atẹ́gùn Àárọ̀, Atẹ́gùn Ọ̀sán

Ọlọ́pàá náà fi bàtà ta táyà alùpùpù àkọ́kọ́. Ó le. Ó ta ti èkejì, ó le. Ti ẹ̀kẹta náà le koko. Nígbà tó ta ti ẹ̀kẹrin, bàtà rẹ̀ wọlé bí ẹni tó tẹ ìyẹ̀fun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ó bojú wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ni èyí?" ó bi wá.

Gbogbo wa la mọ̀. Bassou ló ni ín, ọkọ àbúrò mi obìnrin, afinimọ̀nà tó ti ń kó àwọn arìnrìn-àjò gun alùpùpù la aṣálẹ̀ kọjá láti ọdún mọ́kànlá. Èmi Haddou ni alásè wọn, èmi náà ni mo sì ń wa ọkọ̀ tó ń kẹ́rù tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Zayd tutọ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Tuda tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ ni, darandaran bíi ti ìyá náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń yún un láti fi lu ẹnì kan.

"Mo ti wí fún yín! Ipasẹ̀ tó wá sí àgọ́ ìyá wa, tó tún padà, fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Táyà rírọ̀ ló ń tẹ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí la tún ń wá?"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá fẹ́ gun iyanrìn gbọ́dọ̀ tú atẹ́gùn táyà rẹ̀ sílẹ̀ kó lè fẹ̀, kó má baà rì. Bó bá padà sórí òkúta, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkúta á gé e jẹ. Kílò la fi ń ka atẹ́gùn níbí: kílò kan fún iyanrìn, kílò méjì fún òkúta. Ìdí nìyẹn tí Bassou fi ní òfin tí kò ṣeé tẹ̀: ẹni tí kò bá ní pọ́ǹpù oníbátìrì tirẹ̀ nínú àpò, kò ní bá òun jáde. Nǹkan náà kò tóbi ju ìgò omi lọ. O ó tẹ nọ́ńbà tí o fẹ́ sí i lára, o ó so ó mọ́ táyà, á máa kùn bí oyin inú agolo, tó bá sì dé ibi tí o sọ fún un, á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nínú àwọn mẹ́rin tó gun alùpùpù wá, ẹni mẹ́rin ló ní in.

Ohun tó sọnù ni òkúta. Òkúta dúdú tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, tó wúwo ju bó ṣe rí lọ, tí Ìyá Tuda rí nígbà tó ń wá ewúrẹ́ kan tó ṣáko. Olùra ń bọ̀ láti ìlú Erfoud lọ́jọ́bọ̀ láti wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, bí a ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀, ìyá náà gbé e wá fún wa wò, gbogbo wa sì fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà sí àgọ́ rẹ̀ láàárín iyanrìn, ó da ewúrẹ́ lọ sí kànga. Àwa jẹun, a sì sun oorun ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Nígbà tí ìyá fi máa dé láti kànga, òkúta ti lọ.

Ọ̀gá Ijja kò tíì sọ nǹkan kan. Obìnrin kúkúrú ni, awò ojú rẹ̀ so rọ̀ lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó sì ń jẹ kóró òdòdó oòrùn láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ní gbogbo ìlú Zagora, wọ́n máa ń sọ pé tí ọ̀gá yìí bá dákẹ́, kí olè wá ibi jókòó sí.

"Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wá," ó ní. "Ẹ kó pọ́ǹpù wá. Ọlọ́pàá mi yìí á ṣọ́ àwọn alùpùpù náà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan táyà kankan títí ilẹ̀ ọ̀la á fi mọ́."

"Kí la ń dúró dè, ọ̀gá?" Zayd bi í.

"Tíì ni mò ń dúró dè. Ẹ̀gbọ́n alásè, ṣé omi yín ti hó?" Ó kọjú sí Bassou, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. "Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí mi ò rí ẹlòmíràn, ìwọ ni màá mú lọ sí Zagora."

Wọ́n á gba káàdì afinimọ̀nà rẹ̀. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé kò sí darandaran kankan tó tún máa jẹ́ kó bu omi ní kànga òun mọ́. Afinimọ̀nà tí kò lè bu omi, ibo ló fẹ́ fini mọ̀nà dé? Mo ronú kan àbúrò mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, inú mi bà jẹ́, mo sì da ṣúgà jù sínú tíì.

*

Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ rí nǹkan. Ó sáré wá pẹ̀lú pọ́ǹpù kan lọ́wọ́.

"Ọ̀gá! Mẹ́ta ni bátìrì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí ti kú pátápátá! Wọ́n ti lò ó ju tàwọn yòókù lọ lónìí!"

Ti Marit ni, obìnrin ará Norway tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Dókítà Anouar, oníṣègùn eyín láti Casablanca, ló bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Olóhùn pẹ̀lẹ́ ni dókítà, "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pe gbogbo èèyàn, títí kan àwọn ewúrẹ́.

"Kí lo fi pọ́ǹpù ṣe?" Ọ̀gá Ijja bi í.

Marit pupa bí tòmátì. Ó wọ inú àgọ́ rẹ̀, ó fa bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà kan jáde, bẹ́ẹ̀dì ńlá tó wú bí ikùn akọ màlúù.

"Ó ní òun ò lè sùn lórí ilẹ̀," Anouar túmọ̀. "Ó ní pọ́ǹpù ló fi fẹ́ ẹ, bátìrì sì kú kó tó kún. Ẹnu ló fi parí rẹ̀."

Ọ̀gá Ijja jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dára o," ó ní. "Ká ní mo ní irú èyí ni, mi ò bá má jalè láé. Oorun ni mi ò bá máa sùn."

Ó kan Joost, ọ̀gbẹ́ni gíga láti Holland. Òun ló di òkúta náà mú pẹ́ jù láàárọ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ fi aago ọwọ́ rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́pàá tú àpò rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n bá nǹkan tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wé. Nǹkan dúdú ni, ó sì le.

"Òun rèé!" Zayd pariwo. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn.

Ìyá Tuda gbà á, ó gbọ́n ọn, ó fi èékánná ha á. Òkúta tó ní àwòrán kòkòrò ayé àtijọ́ lára ni, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì.

"Èyí? Símẹ́ńtì ni. Wọ́n ti rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ."

Anouar túmọ̀ rẹ̀ fún Joost. Mi ò tíì rí ojú tó fà ro tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá ìyá lójú.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Ijja wá pe dókítà fúnra rẹ̀ wọ inú àgọ́ tí mo ti ń gé àlùbọ́sà.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ táyà yín kẹ́yìn, dókítà?"

"Láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo wa, kó tó di tíì. Bassou kì í jẹ́ kéèyàn mu tíì kó tó ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé oòrùn ń ba atẹ́gùn jẹ́. Mo ní fún un pé atẹ́gùn ni atẹ́gùn."

"Kílò mélòó?"

"Méjì géérégé. Ẹ̀rọ mi kì í ṣe àṣìṣe."

"Láti ìgbà yẹn wá ńkọ́?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ gbọ́, ọ̀gá, Bassou ò lè jalè. Ọmọlúàbí ni. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe é, àìní ló fà á."

Mo fẹ́ràn dókítà yẹn fún ọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí mo jẹ́ ẹbí, èmi ò sọ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kàn mí, Ọ̀gá Ijja bi mí níbo ni Bassou wà nígbà oorun ọ̀sán.

"Mo sùn, ọ̀gá. Inú ọkọ̀ ni mo wà."

"Ṣé ó lè ṣe irú nǹkan báyìí?"

Ó yẹ kí n sọ pé láéláé. Ṣùgbọ́n mo rí Zayd, mo rí ọlọ́pàá, mo rántí táyà rírọ̀ náà, ẹnu mi sì sọ ohun mìíràn. "Èèyàn ni, ọ̀gá. Ta ló mọ inú ẹlòmíràn?"

Ó tu èèpo kóró kan sọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n alásè, ṣé ẹ dáná lẹ́yìn ọkọ̀ yín lónìí?"

"Lẹ́yìn ọkọ̀? Rárá o. Ojú kan ṣoṣo ni mo ti ń dáná, lẹ́nu àgọ́ yìí."

"Mo rí òkúta kan níbẹ̀ tí èéfín ti sọ di dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan."

"Òkúta pọ̀ láyé, ọ̀gá." Inú ń bí mi. Wọ́n fẹ́ gbé àna mi lọ, obìnrin yìí ń ka òkúta.

Bassou ló kẹ́yìn. Ó jókòó gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró.

"Ìgbà wo lo tú atẹ́gùn táyà rẹ?"

"Lẹ́yìn Aláásárì. Mo fẹ́ wo òkìtì iyanrìn tí a máa gùn lọ́la. Apá àríwá ni mo lọ, mi ò dé ọ̀dọ̀ ìyá."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sí. Atẹ́gùn orí òkìtì sì ti nu ipasẹ̀ mi."

"Nígbà oorun ọ̀sán ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo sùn sí. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi Haddou. Wọ́n á jẹ́rìí mi."

Mo tẹjú mọ́ àlùbọ́sà tí mò ń gé.

"Kí ló dé tí o fi ń fẹ́ táyà kó tó di tíì?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Tí oòrùn bá ti fọwọ́ kan táyà, ọ̀gá, nọ́ńbà tó wà lójú pọ́ǹpù ti di irọ́."

Kóró tó wà láàárín eyín Ọ̀gá Ijja kò là. Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó fi í sápò.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Tajín mi ọjọ́ náà, ọbẹ̀ poteto tí mo sè lálẹ́, dójú tì mí. Ìkòkò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí iná, gbogbo òróró wọ́ lọ sápá kan, poteto apá kejì sì jóná. Mo bú iyanrìn, mo bú afẹ́fẹ́, mo bú ọjọ́ tí mo kọ́ iṣẹ́ alásè. Anouar nìkan ló gbóríyìn fún oúnjẹ náà.

*

Òtútù òwúrọ̀ oṣù kejì kì í ṣeré níbí. Omi inú agbada mi ti dì lójú nígbà tí Ọ̀gá Ijja kó gbogbo wa jọ sídìí àwọn alùpùpù, oòrùn ò sì tíì yọ. Ìyá Tuda àti Zayd ti dé. Ọlọ́pàá ti mú okùn kan lọ́wọ́, Bassou sì ti wọ bàtà rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò.

Ọ̀gá Ijja mú géèjì kan jáde, ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà. "Géèjì kan ṣoṣo fún gbogbo yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti òun yàtọ̀. Yàtọ̀ sí Bassou, gbogbo yín lẹ sọ fún mi lánàá pé àárọ̀ àná lẹ fẹ́ táyà kẹ́yìn, kílò méjì, pé ẹ ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Àbí?"

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Ó wọn ti Marit. "Iwájú, méjì. Ẹ̀yìn, méjì." Ó wọn ti Joost. "Méjì. Méjì." Ó kúnlẹ̀ sídìí ti Anouar, ó pẹ́ díẹ̀.

"Iwájú, kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ̀yìn, kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀."

"Ó ń jò nìyẹn," Anouar sọ kíá. "Ẹ̀gún ti gún un."

"Ẹ̀gún wo ló mọ ìwọ̀n tó bẹ́ẹ̀, tó gún iwájú àti ẹ̀yìn, tó sì jẹ́ kí iye kan náà jò?" Ó nàwọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n alásè, ìgò òróró yín dà, èyí tí ẹ dé lánàá?"

Mo gbé e wá. Ìgò onírọ́bà ni, òróró inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti wọlé bí ti arúgbó tí kò léyín.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?" ó bi mí.

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá. Òtútù ni. Gbogbo àárọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí oòrùn bá là, á wú padà."

"Ẹ gbọ́ ohun tí alásè wí. Atẹ́gùn ọ̀sán máa ń wú, ti àárọ̀ máa ń súnkì. Táyà tí ẹ fẹ́ lówùúrọ̀ àná nínú òtútù, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀ òní nínú òtútù, iye kan náà lẹ máa bá. Ti Marit rí bẹ́ẹ̀. Ti Joost náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà tí ẹnì kan fẹ́ dé kílò méjì lọ́sàn-án, nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ń gbóná fòòfòò láti inú iyanrìn, kò lè jẹ́ méjì mọ́ láàárọ̀. Á ti fọn."

Ó dá ìgò náà padà fún mi.

"Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu láti àná," Ọ̀gá Ijja ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ni pé Bassou ní pọ́ǹpù. Ká ní òun ló lọ jalè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló máa fi mú táyà rẹ̀ le padà. Olè wo ló máa fi ẹ̀rí sílẹ̀ ní rírọ̀ kí gbogbo ayé wá fi bàtà tẹ̀ ẹ́? Mo wá bi ara mi pé, nínú àwọn tí táyà wọn le, ta ló mú un le lọ́sàn-án? Dókítà, o ti alùpùpù rẹ lọ sẹ́yìn òkè kékeré yẹn nígbà tí wọ́n ń hanrun. O tú atẹ́gùn sílẹ̀, o lọ, o gbé e, o padà. O jókòó sẹ́yìn òkè, níbi tí wọn ò ti lè gbọ́ ariwo pọ́ǹpù, o tẹ méjì géérégé. Ká ní o tiẹ̀ fẹ́ ẹ jù díẹ̀ ni, mi ò bá má rí ọ mú. Ẹ̀rọ rẹ ò ṣe àṣìṣe lóòótọ́. Aago tó lù nìkan ni kò mọ̀."

Anouar rẹ́rìn-ín, àmọ́ ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Atẹ́gùn lẹ fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́? Ẹ ti tú àpò mi. Òkúta dà?"

"Ìyẹn náà dára. Ẹ̀gbọ́n alásè, òkúta mélòó ló wà nídìí iná yín?"

"Mẹ́ta. Mẹ́ta ló máa ń jẹ́."

"Àna yín àti ẹ̀yin lẹ tò wọ́n?"

"Èmi nìkan ni, láàárọ̀ àná. Wọ́n bá ara wọn mu dáadáa." Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń yé mi. Mo rántí òkúta eléèéfín tó wà lẹ́yìn ọkọ̀: ẹnì kan ti yọ ọ́ nídìí iná mi, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo rántí ìkòkò tó yẹ̀.

Mo sáré. Eérú ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbé òkúta apá òsì, kò sí nǹkan kan. Mo gbé ti ọ̀tún, ọwọ́ mi sì fà sílẹ̀, nítorí ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Mo ti gbé oúnjẹ kaná lórí ohun tó ti ojú ọ̀run bọ̀, mo sì bú u ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Tuda fi etí gèlè rẹ̀ nù ún. "Òun ni," ó ní jẹ́jẹ́.

"Mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ láti àná," Ọ̀gá Ijja sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n ká ní mo gbé e jáde lánàá nídìí iná yín, ẹ̀yin àna Bassou, ta ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Bassou mọ́, tàbí tiyín? Mo nílò olè ná, kí n tó wá òkúta."

Anouar ò sá. Níbo ló fẹ́ sá sí? Ó kọjú sí ìyá náà, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìyá mi, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́. Ará Erfoud yẹn á rẹ́ yín jẹ. Èmi mọ iyì rẹ̀."

"Ìwọ wá jí i kí wọ́n má baà rẹ́ mi jẹ?" Ìyá Tuda ní. "O ṣeun, ọmọ mi. Eyín ta ni ò ń tọ́jú ní Casablanca? Kí wọ́n lọ kà á."

Okùn tí ọlọ́pàá ti mú lọ́wọ́, ọwọ́ dókítà ló fi dè.

*

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ká sọ fún Bassou. Ó dúró sídìí alùpùpù rẹ̀, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Tuda sọ gbólóhùn kan sí Zayd létí. Zayd lọ síbi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, ó sì gbé abọ́ wàrà ewúrẹ́ kan wá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e síwájú Bassou. Ẹni tó pe èèyàn lólè ní gbangba, gbangba náà ló ti gbọ́dọ̀ gbé wàrà fún un, kò sì gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí onítọ̀hún á fi gbà á.

Bassou kò gbà á. Ó jẹ́ kó dúró. Apá Zayd bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wàrà ń dà sí i lọ́rùn ọwọ́, kò sì gbójú sókè. Oòrùn yọ. Gbogbo wa ń wò ó.

Nígbà tó wá gbà á, ó mu díẹ̀ péré. Ó nu ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjá lára Ìyá Tuda, ó kọjá lára Ọ̀gá Ijja, ó wá bá mi níbi tí mo fara pamọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Ohun tó jáde kò ju, "Bassou, ohun tí mo sọ lánàá..."

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Aṣọ ni àgọ́, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ògiri."

Ó na abọ́ náà sí mi, ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án.

"Ẹ mu ún. Ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná."

Mo gbà á. Mo mu ún tán, omijé pẹ̀lú wàrà, níwájú gbogbo wọn.